Kí ló dé tí Mulder fi dúró sí 367?

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Lóṣù keje ọdún 2025, Wiaan Mulder ti South Africa dá ayò 367 gbá nínú kíríkẹ́ẹ̀tì. Ó ku 33 péré kó bá Brian Lara ti West Indies dọ́gba, ẹni tó gbá 400, iye tó pọ̀ jù tẹ́nì kan tíì dá gbá lẹ́ẹ̀kan nínú ìdíje ọlọ́jọ́ gígùn láàárín orílẹ̀-èdè, ló bá ní ó tó. Ṣé àṣà wọn ni pé ọmọdé kì í kọjá àgbà ni?"

Kò sí òfin tó jọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú òfin ni pé balógun ikọ̀ tó ń gbá lọ́wọ́ lè kéde nígbàkigbà pé ayò àwọn ti tó, kí àwọn tọ̀hún wá gbá tiwọn. Ọjọ́ márùn-ún ni ìdíje Test, ìyẹn ìdíje ọlọ́jọ́ gígùn láàárín orílẹ̀-èdè, máa ń gbà. Ayò yín ìbáà pọ̀ bí iyanrìn, bí ẹ ò bá rí gbogbo alátakò lé jáde lẹ́ẹ̀mejì kí ọjọ́ tó pé, ọ̀mì ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fojú burúkú wo ẹni tó bá ń gbá lọ ṣáá nítorí orúkọ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti Mulder kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò rárá. Òun fúnra rẹ̀ ni balógun lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò sì ṣe é nínú Test nìyẹn. Ní Bulawayo, níbi tí wọ́n ti ń bá Zimbabwe gbá, 264 ló fi sùn lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó kọjá 311 Hashim Amla, tí ọmọ South Africa kankan ò tíì gbá jù ú lọ rí. Wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, kò padà wá gbá mọ́. Bọ́ọ̀lù 334 ló fi kó gbogbo ayò yẹn jọ, nítorí náà 34 tó kù kò lè gbà á tó wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta àtààbọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Òun náà ní òun rò pé ayò ti tó, àmọ́ ó fi kún un pé Lara ni àgbà, òun ló yẹ kó di ipò náà mú. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ṣẹ́gun.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 1998, ní Peshawar, Mark Taylor, balógun Australia, gbá 334, iye kan náà tí Don Bradman, àgbà òṣèré Australia, gbá ní Leeds lọ́dún 1930. Taylor sùn, ó jí, ó kéde pé ó tó. Ọ̀mì ni wọ́n gbá níbẹ̀, orúkọ òun àti Bradman sì jọ wà lórí ìlà kan.

Lójú tèmi, ohun tó jọ àṣà jù ni ìwà àgbà tí wọ́n kọjá. Garfield Sobers, ti West Indies bíi Lara, ló ni 365 tó jẹ́ iye tó pọ̀ jù láti ọdún 1958. Nígbà tí Lara kọjá rẹ̀ ní Antigua lọ́dún 1994, Sobers fúnra rẹ̀ rìn wọ orí pápá, ó dì mọ́ ọn. Matthew Hayden ti Australia gba ipò náà lọ́wọ́ Lara pẹ̀lú 380 lóṣù kẹwàá ọdún 2003. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, lórí pápá Antigua kan náà, Lara gbà á padà pẹ̀lú 400, láìjẹ́ pé wọ́n lé e jáde: bọ́ọ̀lù 582, ó dín díẹ̀ ní wákàtí mẹ́tàlá. Bó ṣe kọjá 380, ó kúnlẹ̀, ó fẹnu ko ilẹ̀. Ọ̀mì ni ìyẹn náà parí sí, àwọn kan sì bá a wí pé ó pẹ́ jù lórí pápá.

Mulder sọ lẹ́yìn náà pé Lara sọ fóun pé ó yẹ kóun gbìyànjú ẹ̀, nítorí kí wọ́n lè kọjá rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi irú iye bẹ́ẹ̀ lélẹ̀. Chris Gayle ti West Indies, tóun náà ti gbá 333 rí, ní ṣe ni ọkàn Mulder dà rú. Èmi ò bá a gbà á bẹ́ẹ̀.