Èsì: Bí a ṣe ń wọ ibùdó nínú eré Elite láìfọ́ ọkọ̀

Àbúrò, o kú ìforítì. O ní ọkọ̀ rẹ ń fọ́ mọ́ ibùdó ojú òfuurufú tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí nínú Elite, eré kọ̀ǹpútà ọdún 1984 tí a ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú ṣòwò láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì; o ráhùn sí ìfàsẹ́yìn, o sì ní kí a kọ́ ọ bí a ṣe ń rí owó òjijì. Eré àsápajúdé ni ó ń fọ́ ọkọ̀ náà. Ẹnu ọ̀nà ibùdó máa ń kọjú sí pílánẹ́ẹ̀tì. Lọ sí àárín àwọn méjèèjì, dojú kọ ẹnu ọ̀nà náà gan-an, dín eré kù, kí o sì máa yí ọkọ̀ rẹ bí ibùdó ṣe ń yí.

Èyí wà fún ìgbà tí o kò tíì ra ẹ̀rọ tí ń darí ọkọ̀ wọlé. Kírẹ́díìtì (owó inú eré náà) 1,500 ni wọ́n ń tà á, 100 péré ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti owó òjijì tí o ní kí a kọ́ ọ bí a ṣe ń rí, n kò gbà ọ́ níyànjú láti wá a rárá. Ìfàsẹ́yìn tí o ń ráhùn sí ni ó jẹ́ kí òwò náà ní ìtumọ̀: ẹni tí ó kó oúnjẹ láti pílánẹ́ẹ̀tì àgbẹ̀ lọ sí ti oníléeṣẹ́, tí àwọn olè sì lé e lójú ọ̀nà, ni ó mọ ohun tí ó lè pàdánù lẹ́nu ọ̀nà ibùdó.

Inú ibùdó nìkan ni o ti lè tọ́jú ibi tí o bá eré dé, iná ọba sì lè lọ nígbàkigbà ní Ilé-Ifẹ̀ wa níbí. Nítorí náà, tọ́jú rẹ̀ kí o tó ra ọjà mìíràn.