Ilé oúnjẹ lásìkò ọ̀wọ́n: ṣé kí n fi owó lé abọ́ ni, àbí kí n dín oúnjẹ kù?

Ìbéèrè: Mo ní ilé oúnjẹ kékeré kan nítòsí ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Gáàsì wọ́n, ìrẹsì wọ́n, epo pupa náà wọ́n. Bí mo bá fi owó lé oúnjẹ, àwọn oníbàárà á yà sí ibòmíràn. Bí n kò bá sì fi lé e, n kò rí èrè kankan. Èwo ni kí n ṣe? Ìyá Olóúnjẹ, Ẹ̀pẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, Ìyá wa. Kí ẹ tó fọwọ́ kan owó oúnjẹ rárá, ẹ kọ́kọ́ ka iye abọ́ tó ń jáde nínú ìkòkò yín. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ló mọ iye tí òun ná lọ́jà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló mọ iye tí abọ́ kan ń ná òun. Ká ní ẹ ná 48,000 náírà lórí ìkòkò ìrẹsì kan, tí owó gáàsì àti owó ọmọ iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, tí abọ́ 40 sì yẹ kó jáde níbẹ̀ ní 1,500 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. 60,000 ni yóò wọlé, èrè yín á sì jẹ́ 12,000. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń bu oúnjẹ bá ń bu ìgbákọ ní àkúnwọ́sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé abọ́ 36 péré ló jáde, 54,000 ni yóò wọlé, èrè á sì di 6,000. Abọ́ mẹ́rin ti gbé ìdajì èrè lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó jalè. Ẹ yan ife kan ní òṣùwọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú díwọ̀n oúnjẹ mọ́.

Ẹ má ṣe dín oúnjẹ kù ní kọ̀rọ̀, torí ọlọ́kadà tó ń jẹun lọ́dọ̀ yín lójoojúmọ́ yóò mọ̀. Ohun tó sàn ni kí ẹ gbé abọ́ kékeré jáde ní gbangba, kó jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta abọ́ ńlá, ní 1,000 náírà. Nígbà tí abọ́ ńlá ń ná yín ní 1,200 (48,000 tí a pín sí abọ́ 40), 800 ni kékeré yóò ná yín, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó 1,500 kò sì ní kọjá lọ.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ ń sè. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà sí dọ́là, ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wá kò dúró lójú kan: pánlá àti kòté inú yìnyín, àti àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ òkèlè inú ọ̀rá. Ní tèmi o, kò yẹ kí ẹni tí ọ̀sà wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ máa gbé kòté síwájú àlejò. Ẹ bá ẹlẹ́ja kan ní Olúwo ṣe àdéhùn ẹpìyà àti òbòkún, kí ẹ sì fi ìkọ́kọrẹ́ àti ẹ̀bà ṣe òpó ọjà yín. Ọbẹ̀ méjì tó ń tán lójoojúmọ́ dára ju márùn-ún tó ń sùn mọ́jú nínú fìrísà tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé.

Àwìn ńkọ́? Ẹ dá a dúró.

Bí èrè kò bá tíì tó lẹ́yìn èyí, ẹ fi owó lé ẹran àti ẹja kí ẹ tó kan ìrẹsì, kí ẹ sì ti sọ fún àwọn oníbàárà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.