Irú ayékòótọ́ wo ló dáa fún ẹni tí ò sin ẹyẹ rí?

Budgie ló dáa jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, cockatiel ló tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì kéré, ariwo wọn ò tó ti àwọn ńlá, ara wọn sì tètè máa ń balẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Budgie máa ń lo bí ọdún 5 sí 10, cockatiel lè lo 15 sí 20.

Odídẹ tiwa, oníkòóódẹ pupa yẹn, lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè torí ó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ, àmọ́ kì í ṣe ẹyẹ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rárá, ó lè gbé ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá sì ń fi òun nìkan sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ó lè máa fẹnu tu ìyẹ́ ara ẹ̀ títí àyà ẹ̀ á fi pá. Láti 2017 náà ni òfin CITES, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí títa ẹranko àti ewéko igbó, ti ní kí wọ́n má tà èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì.

Tí ẹni tó ní ásímà bá wà nílé, ẹ fi cockatiel sílẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀ máa ń gbọn ẹfun bíi pàùdá. Ẹ má fún ẹyọ̀kan nínú wọn ní píà (avocado) jẹ o, májèlé ni fún wọn.