Ta ni Ramsey Nouah, báwo ló sì ṣe di olùdarí fíìmù?

Súrùlérè ní Èkó ló dàgbà sí. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀, ọmọ Ísírẹ́lì ni bàbá rẹ̀. Ó gba dípúlómà ní Yunifásítì Èkó, kó tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n nínú eré Fortunes ní 1993. Ọjọ́ pẹ́ tó fi jẹ́ pé ipa olólùfẹ́ ni wọ́n ń fún un ṣáá.

Ní 2019 ló wá darí Living in Bondage: Breaking Free, àtẹ̀lé fíìmù 1992 tí gbogbo wa mọ̀. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni, torí òun náà ló ṣe Richard Williams, olórí ẹgbẹ́ òkùnkùn inú rẹ̀: bó bá ti ṣeré tán níwájú kámẹ́rà, á tún padà sẹ́yìn rẹ̀. Òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ olùdarí tó dára jù ní AMVCA 2020, ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì tọ́ sí i lójú tèmi. Rattlesnake: The Ahanna Story ló darí tẹ̀lé e.