Commodore 64 lórí WiFi: ẹ wo iná kí ẹ tó bú modem

Modem WiFi tí ẹ fi ESP8266 (chip WiFi kékeré) ṣe fún Commodore 64 (C64, kọ̀ǹpútà àtijọ́) ń dáhùn OK bí ẹ bá tẹ AT, àṣẹ tí a fi ń bá modem sọ̀rọ̀, àmọ́ bí ẹ bá ní kó wọ WiFi báyìí, ó di wúruwùru lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ẹ má tíì pààrọ̀ firmware (ètò inú modem) o. Iná ni kò tó.

Wúruwùru yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Gbogbo ìgbà tí ESP8266 bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó máa ń sọ̀rọ̀ ní 74880 baud (ìwọ̀n eré tí dátà fi ń lọ). C64 tó ń gbọ́ ní 1200 ò lè ka ìyẹn. Bí ẹ bá wá rí i láàárín iṣẹ́, chip yẹn ti kú ó sì ti jí ni. Pin 2 ní user port (ihò ẹ̀yìn C64 tí modem ń wọ̀) ló ń gbé 5V jáde, kò sì yẹ kí ẹ gbà ju 100 mA lọ níbẹ̀. ESP8266 tó ń sọ̀rọ̀ sí ráútà lè fa 300 mA lẹ́ẹ̀kan náà. Fóltì á wálẹ̀, chip á kú.

Ẹ fún modem ní iná tirẹ̀ láti ara ṣájà USB 5V tó lè gbé 1 A. Ẹ so GND rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti C64, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí 5V ṣájà kan pin 2. Ẹ̀gbẹ́ HV (ìyẹn 5V) ti level shifter, tó ń yí àmì 5V ti C64 àti 3.3V ti modem síra wọn, nìkan ni kí pin 2 lọ. Ẹ fi kapasítọ̀ 470 µF sórí 3.3V, kí 100 nF sì sún mọ́ ẹsẹ̀ chip dáadáa.

Wáyà rẹ̀ ò le. Pin M ní user port ni C64 fi ń sọ̀rọ̀: ó gba inú level shifter (èyí tó ní BSS138 dára) lọ sí RX (ibi tó ń gbọ́) modem. TX (ibi tó ń sọ̀rọ̀) modem gba ibẹ̀ náà padà sí pin B àti C tí ẹ ti so pọ̀. C ló ń gba dátà, B ló ń ta CIA (chip tó ń bójú tó user port) lólobó pé lẹ́tà kan ń bọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé B á máa rí iná modem tó ń ṣẹ́jú, C64 ò sì ní gbọ́ ohunkóhun. Ẹ má fi MAX232 (chip tó ń sọ TTL di RS-232) sí i, torí TTL (0 sí 5V) ni user port. Atari ST àti Amiga ló ní RS-232 gidi tó nílò MAX3232.

Ẹ dákun, ẹ pa C64 kí ẹ tó ki modem bọ̀ ọ́, ẹ sì wo ojú rẹ̀ dáadáa. 9V AC wà lórí pin 10 àti 11. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, CIA U2 lè jóná, disk drive náà á sì dákẹ́, torí chip kan náà ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣájà C64 àtijọ́ náà, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n láàárín pin 5 àti pin 2 ní ẹnu rẹ̀: bó bá ju 5.25V lọ, ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó pa RAM.

Bí iná bá ti tó tí WiFi sì ṣì kọ̀, PETSCII, ìlànà nọ́ńbà lẹ́tà ti Commodore, ni kí ẹ fura sí. Ẹ tẹ a lásán, nọ́ńbà 65 ló máa lọ, A ńlá sì ni lójú modem. Ẹ tẹ SHIFT mọ́ ọn, 193 ló máa lọ, ìyẹn kì í tilẹ̀ ṣe lẹ́tà ní ASCII, ìlànà tí modem ń lò. AT ò bìkítà fún lẹ́tà ńlá tàbí kékeré, òun ló ṣe ń dáhùn OK. Password ní tirẹ̀ bìkítà. Ẹ yí terminal (ètò tí ẹ fi ń bá modem sọ̀rọ̀) sí ASCII. Èyí tó tún rọrùn jù ni kí ẹ yọ modem kúrò lára C64, kí ẹ fi USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà òde òní. Bó bá jẹ́ firmware Zimodem ló wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ:

ATW"orúkọ,password"
ATB1200
AT&W

Lẹ́yìn ATB1200, ẹ yí terminal yín náà sí 1200 kí ẹ tó tẹ èyí tó kẹ́yìn. Ní ti ráútà, 2.4 GHz nìkan ni ESP8266 mọ̀. WPA2 ni kí ẹ fi sí i, WPA3 nìkan ò ní jẹ́ kó wọlé.

Láti dán an wò ní BASIC, èdè ètò inú C64, OPEN 2,2,0,CHR$(8)+CHR$(0) ṣí i ní 1200. CHR$(6) jẹ́ 300. Àṣẹ yìí máa ń pa gbogbo variable rẹ́ nítorí àyè tó ń gbà fún buffer méjì, torí náà òun ni kó ṣáájú nínú ètò yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ eré sísá pẹ̀lú KERNAL (ètò ìpìlẹ̀ inú C64): bíìtì kọ̀ọ̀kan ni 6510 (ọpọlọ C64) ń fọwọ́ ara rẹ̀ kà, VIC-II (chip àwòrán) sì ń jí àkókò mọ́ ọn lọ́wọ́. 1200 dúró dáadáa, 2400 ti ń gbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ 9600 á ṣe wáyà UP9600 (ọ̀nà ìsopọ̀ míì fún eré yẹn), á sì lo terminal tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí disk ṣiṣẹ́ nígbà tí dátà ń wọlé, lẹ́tà á sọnù. Terminal tó gbọ́n máa ń dá modem dúró kó tó kọ nǹkan sí disk.

HTTPS àti SSH, tó ń fi dátà pamọ́ lójú ọ̀nà, kọjá agbára C64 fúnra rẹ̀. Telnet lẹ ó fi wọ BBS (pátákó ìfiránṣẹ́ orí ẹ̀rọ), gbangba sì ni gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ máa ń kọjá. Ẹ fi modem sórí guest network ráútà, kí password BBS yín má sì jọ èyí tí ẹ ń lò níbòmíràn.