Iṣẹ́ wo ni ẹ́ńsáìmù dihydrodipicolinate synthase ń ṣe?

Ẹ́ńsáìmù yìí (ẹ́ńsáìmù ni èròjà tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára nínú ohun alààyè), tí a ń gé kúrú sí DHDPS, ló ń so èròjà kẹ́míkà kan, pyruvate, pọ̀ mọ́ òmíràn, aspartate semialdehyde, nínú ewéko àti bakitéríà, kí wọ́n lè ṣe lysine, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí a fi ń kọ́ purotéènì, fúnra wọn. Bí lysine bá ti pọ̀ tó, òun gan-an ni yóò dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́, ti ewéko sì tètè ń dáwọ́ dúró ju ti bakitéríà E. coli lọ fíìfíì. Ara ènìyàn kò ní i rárá, ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ rí lysine nínú oúnjẹ bí ẹ̀wà, nítorí èyí tó wà nínú àgbàdo kò tó. Àìsí yìí, tí mo kà sí kókó jù lọ, ló mú kí àwọn onímọ̀ máa wá oògùn tó ń pa bakitéríà àti èyí tó ń pa koríko, tí yóò dojú kọ DHDPS láì ṣe wá ní jàǹbá.