Ta ni Marlene Dietrich, kí ló sì sọ ọ́ di olókìkí tó ń wọ aṣọ ọkùnrin?

Òṣèrébìnrin ọmọ Jámánì ni Marlene Dietrich, tí wọ́n bí ní ìlú Berlin ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 1901. Fíìmù Der blaue Engel, tí Josef von Sternberg darí ní 1930, ló gbé e jáde, kò sì pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi jọ ń ṣiṣẹ́ ní Hollywood.

Nínú fíìmù Morocco, tó jáde lọ́dún kan náà, ó wọ ṣòkòtò àti kóòtù dúdú onírù gígùn pẹ̀lú fìlà gíga bí ọkùnrin, ó gba òdòdó lọ́wọ́ obìnrin kan láàárín èrò, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì ju òdòdó náà sí ọkùnrin tí Gary Cooper ṣe. Ipa yìí ló mú kí wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Oscar, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà á. Kì í ṣe eré lásán ni ṣòkòtò yẹn o, nítorí ó ń wọ̀ ọ́ káàkiri ìgboro nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ka irú ìmúra bẹ́ẹ̀ sí àṣejù fún obìnrin.

Ìjọba Hitler fẹ́ kó padà sílé, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀. Ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1939, ó sì ń kọrin fún àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ lójú ogun. Nígbà tó padà lọ kọrin ní Jámánì ní 1960, àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ìlú Paris ló kú sí ní 1992, Berlin ni wọ́n sì sin ín sí.